Bí Ọdẹ́níran Ṣe Gbé Láptọ́ọ̀pù Fífúyẹ́ Tọ Alágbẹ̀dẹ Iwin Lọ

Ẹ fà mọ́ra kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè ráyè jókòó. Ẹni tí ikọ́ bá ń dà láàmú, kó wú u tán báyìí, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ mi. Èmi tí ẹ ń wò yìí, kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n mi ni mo ti ń ṣọdẹ. Mo fojú kojú pẹ̀lú ẹfọ̀n tí inú ń bí, ẹfọ̀n náà ló sì kọ́kọ́ yà fún mi lọ́nà. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ó dáa, ẹ lọ bi àwọn bàbá yín. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́níran ni, ọkùnrin tó mọ igbó jù mí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò jẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ láéláé.

Ọdẹ́níran ń dá gbé ní abà kan tí à ń pè ní Olókùúta, nínú igbó tí wọ́n ní kó máa ṣọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin náà bí fún un, Ọdẹ́wùmí, tí bàbá ń fi oríkì pè ní Àwẹ̀ní, ti lọ sókè òkun, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó tí kò lè dìde mọ́. Kí ọmọ yìí tó lọ, ó ra láptọ́ọ̀pù kan fún bàbá rẹ̀. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà èyí tí owó rẹ̀ pọ́ọ́kú ló rà. Ó sì mú èyí tó fúyẹ́ kí bàbá lè máa gbé e gun àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn abà, torí orí àpáta yẹn nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé nínú gbogbo igbó náà. Ó fúyẹ́ lóòótọ́. Ẹ gbé e lé itan yín, ẹ ó rò pé òròmọdìyẹ ló bà lé yín.

Àmọ́ fífúyẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ihò kan ṣoṣo ló ní, bí wáyà sólà bá ti wọ̀ ọ́, kò sáyè fún nǹkan mìíràn mọ́. Bọ́tìnnì rẹ̀ kò ní iná, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Ọdẹ́níran á máa fi ìka wá lẹ́tà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Bó bá sì lò ó díẹ̀, ìdí rẹ̀ á gbóná janjan. Gbogbo èyí ló fara dà. Èyí tí kò rọ́gbọ́n dá sí ni gíláàsì rẹ̀. Nígbà tó wà ní tuntun, bí ọmọ bá pè, ó ń rí ojú rẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tó yá, iná inú gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ díẹ̀díẹ̀, títí oòrùn orí àpáta fi borí rẹ̀ pátápátá. Ọ̀sán gangan sì ni ọmọ ń pè, torí ìgbà yẹn nìkan ni iṣẹ́ ń fún un láyè. Ọdẹ́níran gbìyànjú láti da aṣọ bo ara rẹ̀ àti ẹ̀rọ. Ooru mú ẹ̀rọ, ó kú fin-ín. Ohùn ọmọ á jáde ketekete, ojú rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní, ṣé ohùn kò tó ni? Ẹ̀yin tí ẹ kò sùn nínú igbó rí, ẹ gbọ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwa ọdẹ, bí a bá gbọ́ ohùn nínú igbó tí a kò rí ojú ẹni tó ni ín, a kì í dá a lóhùn, torí iwin mọ ohùn ènìyàn í sín jẹ ju ayékòótọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́níran, Ọdẹ́tóyè, gbọ́ ohùn ìyá wọn láti orí ìrókò kan, ó ní, "Ìyá, mò ń bọ̀." Fìlà rẹ̀ nìkan la rí. Èmi wà lára àwọn tó wá a. Nítorí náà, bí ohùn bá ń jáde látinú gíláàsì dúdú náà pé, "Bàá mi! Bàá mi o!", Ọdẹ́níran á jókòó tì í, omi á máa dà lójú rẹ̀, kò sì ní lanu.

Lọ́jọ́ kan, ohùn náà sọ pé, "Bàá mi, ẹ̀rọ ń fi hàn mí pé ẹ gbé ìpè mi, òkùnkùn nìkan ni mò ń rí, ẹ ò sì fọhùn. Mi ò mọ̀ bóyá olè ló gbà á lọ́wọ́ yín. Mi ò ní ẹnì kankan tí mo lè rán wá wò yín. Bí mi ò bá gbọ́ ohùn yín kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀, màá gbà pé ẹ ti bá màámi lọ, mi ò sì ní pè mọ́."

Bátìrì kú. Ọdẹ́níran jókòó sórí àpáta títí oòrùn fi wọ̀. Ó ti dá wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ìdáwà ti tẹ́lẹ̀ ní ọ̀sán gangan kan nínú tó lè máa retí. Bí ọmọ bá dẹ́kun pípè, igbó nìkan ló kù. Nígbà tó délé mi, ojú rẹ̀ ti jìn sínú.

"Mò ń lọ bá alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́," ó wí.

Mo ní, "Ọdẹ́níran, ṣé orí rẹ pé? Ìsàlẹ̀ Igbó Àìdáhùn ni àwọn tó ń rọ irú nǹkan yìí wà. Iwin ni wọ́n."

Ó ní, "Iwin ni o, ènìyàn ni o, ẹni tó rọ ọkọ́ ló mọ bí wọ́n ṣe ń tún un rọ."

Mo ki iṣu sísun sínú àpò rẹ̀. Ǹ bá bá a lọ, orúnkún ló ń dùn mí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní orúnkún ló ń dùn mí.

Ìlú tó kọ́kọ́ já sí, igi irin gíga kan ló dúró láàárín rẹ̀, okùn dúdú sì so ìdodo olúkúlùkù ará ìlú mọ́ igi náà. Ibi tí okùn bá gùn dé ni oníkálukú lè rìn dé. Bí ọmọdé kan bá gbàgbé tí okùn rẹ̀ já kúrò lára igi níbi tó ti ń ṣeré, á ṣubú lulẹ̀ láàárín ẹ̀rín, àwọn àgbà á sì sáré wá so ó padà kí ó lè parí ẹ̀rín náà. Ẹ ti gbọ́ pé adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Ní ìlú yìí, ènìyàn ló bà lókùn.

Obìnrin kan dúró sí ibi tí okùn rẹ̀ tán sí, ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú. Lọ́ọ̀ọ́kán, obìnrin mìíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì dúró síbi tí tirẹ̀ náà tán sí, òun náà na ọwọ́. Ìka wọn kò kanra.

"Ẹ kú ìdúró o, ìyá," ni Ọdẹ́níran wí.

"Ẹ kú ìrìn, ọdẹ," ni obìnrin náà dáhùn. "Àbúrò mi nìyẹn. Ẹ̀mí tí wọ́n rọ mọ́ wa nínú kò tó nǹkan. Bí mo bá yọ okùn, kí n tó gbé ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti tán."

"Ẹ yọ ọ́ ná, kí n gbé yín pọ̀n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Kí ó wá dì mọ́ òkú? Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó fi ẹ̀mí kún ẹ̀mí wa. Mi ò ní kó fẹwà kún un o."

Ọdẹ́níran ṣe ìlérí pé òun á jẹ́ iṣẹ́ náà. Kí ó tó lọ, ó bọ obìnrin náà lọ́wọ́, ó rìn lọ bọ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Àbúrò di ọwọ́ ọdẹ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ń sọ èyí fún mi, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó rìn títí ó fi dé ẹnubodè ìlú kejì. Baálé kan tí orí rẹ̀ kò ju ọsàn lọ ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Ó bi Ọdẹ́níran ní orúkọ. Bí Ọdẹ́níran ṣe fẹ́ lanu, ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n wo ohun tí mo lè jù nù."

"Kí ni ẹ fẹ́ jù nù, bàbá?"

"Wọ́n rọ orí wa kékeré kó má baà wúwo. Ohun tuntun kò lè wọlé kí ti àtijọ́ má jáde. Àlejò tó kọjá lọ́jọ́sí sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ó ti orin tí ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún bọ́ lọ. Mo mọ̀ pé orin kan wà. Bó ṣe lọ ni mi ò mọ̀ mọ́." Ó di ojú rẹ̀. "Orúkọ àkọ́bí mi wà níbẹ̀. Orúkọ ìyàwó mi wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ọdẹ́níran tètè dá a dúró. Ó ní, "Bàbá, ẹ má fi orúkọ mi da ara yín láàmú. Ẹ pè mí ní Àlejò. Ẹ ti ní ìyẹn lórí tẹ́lẹ̀."

Ọkùnrin náà fẹ́ sunkún fún ọpẹ́. Wọ́n ṣe ọ̀rẹ́ mi lálejò ní ìlú náà ju bí wọ́n ṣe ṣe mí lálejò níbikíbi lọ, èmi tí àwọn ọba ti fi ọwọ́ ara wọn gé ẹran fún. Wọ́n fún un ní ẹ̀gúsí, wọ́n fún un ní ẹmu, wọ́n bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá ti yí ẹ̀yìn padà, ẹnikẹ́ni kò ní rántí pé òun wá. Wọ́n ní kó bá wọn bẹ alágbẹ̀dẹ pé kó fẹ orí wọn díẹ̀ sí i, kó kàn tó orin kan.

Lẹ́yìn ìlú yìí ni Igbó Àìdáhùn. Ẹ sún mọ́ ara yín. Nínú igbó yẹn, kò sí ẹyẹ, kò sí kòkòrò, ohùn nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Èmi ti gba ibẹ̀ kọjá rí, mo sì fi orin dá wọn lóhùn títí ojú fi tì wọ́n. Rárá, mi ò ní purọ́ níwájú ọmọdé, eré ni mo sá.

Ọdẹ́níran kò sáré. Ó fi ewé di ẹnu, ó ń rìn. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ pè é láti ìdí igi kan: "Níran, èmi Ọdẹ́tóyè ni. Ibí ni mo wà látọjọ́ yìí, o ò tilẹ̀ padà wá wò mí." Ó ń rìn. Ohùn ìyàwó rẹ̀ pè é, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ń rìn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde, ohùn Ọdẹ́wùmí sọ lẹ́bàá etí rẹ̀ pé, "Bàá mi, iṣẹ́ ń rẹ̀ mí. Mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀." Ó dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ojú. Ó sọ fún mi pé níbẹ̀ ni òun kò ti mọ̀ mọ́ bóyá akin ni òun tàbí òkúta. Ó gbé ẹsẹ̀, ó kọjá.

Níwájú ilé alágbẹ̀dẹ, ìyá arúgbó kan jókòó ti òṣùwọ̀n kan. Ìyẹ́ adìyẹ kan ló fi sí apá kan òṣùwọ̀n, ó ní kí Ọdẹ́níran gun apá kejì. Apá tirẹ̀ balẹ̀ gbì. Ìyá ní kó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó sọ ìbọn kalẹ̀, ó sọ àdá kalẹ̀, ó bọ́ gbérí ọdẹ tó wọ̀ pẹ̀lú gbogbo oògùn ara rẹ̀, ó ku ṣòkòtò àti láptọ́ọ̀pù. Síbẹ̀ òṣùwọ̀n kò mira.

Ìyá wò ó. "Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí," ó wí. "Ẹrù wo ni ẹnì kan kì í lè bá ni gbé, tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ti dé láti bá ni gbé e, kò sí níbẹ̀ mọ́?"

Àwọn ọ̀mọ̀ràn ti jókòó síbẹ̀ fún àlọ́ yìí títí irun wọn fi funfun. Ọ̀rẹ́ mi kò tilẹ̀ ronú.

"Ìdáwà ni," ó wí.

Òṣùwọ̀n gbé e sókè, òun àti ìyẹ́ dọ́gba. Ìyá sì ṣílẹ̀kùn.

Nínú ilé, ọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ jókòó, ó ń fi òòlù tí kò ju ìka lọ lu irin tó ti fẹ́lẹ́ bí ewé. Ohun tó bá rọ tán, á gbé e lé òṣùwọ̀n. Bó bá fi díẹ̀ wúwo ju ìyẹ́ lọ, á yọ nǹkan kan nínú rẹ̀, á jù ú sẹ́yìn. Òkìtì ńlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀: bátìrì tó sanra, gíláàsì tó ń kọ mànà, bọ́tìnnì tó ń tanná, kámẹ́rà tó mọ́ gaara, àti orí, orí gbàràmù-gbaramu, tí ọgọ́rùn-ún orin lè gbà.

Inú bí Ọdẹ́níran. "Bàbá, gbogbo èyí wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì jẹ́ kí ènìyàn máa kú mọ́ ìdí okùn?"

Alágbẹ̀dẹ kò gbójú sókè. "Ta ló ní kó fúyẹ́? Ẹ̀yin ni. Ta ló ní kí owó rẹ̀ pọ́ọ́kú? Ẹ̀yin náà ni. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mo ṣe é fúyẹ́, mo ṣe é ní pọ́ọ́kú, ẹ tún ní kó pé. Níbo ni kí n ti mú u wá?"

Ọdẹ́níran jẹ́ iṣẹ́ obìnrin olókùn, ó jẹ́ iṣẹ́ baálé olórí kékeré.

"Kí wọ́n gbé ara wọn wá," ni alágbẹ̀dẹ wí.

"Ẹni tí okùn so mọ́lẹ̀, báwo ni yóò ṣe dé ibí?"

Òòlù dúró. Nígbà tó pẹ́, òòlù tún bẹ̀rẹ̀.

"Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ nìkan ni mo lè ṣe," ni alágbẹ̀dẹ wí, "ohun kan ṣoṣo ni n ó sì fi kún un. Bó bá di méjì, á wúwo ju ìyẹ́ tó wà lẹ́nu-ọ̀nà mi lọ. Ṣé bátìrì ni?"

"Rárá, bàbá."

"Ṣé gíláàsì tí ìwọ fi ń rí ọmọ rẹ ni, àbí kámẹ́rà tí òun fi ń rí ọ? Méjèèjì ló ti ṣókùnkùn."

"Gíláàsì ni!" Kò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Kí n ṣáà ti rí ojú rẹ̀."

Ẹ̀yin náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bèèrè ẹni tó pọn omi. Alágbẹ̀dẹ mú gíláàsì kan nínú òkìtì, ó fi rọ́pò ti àtijọ́, kò sì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdẹ́níran kó ẹrù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gba ọ̀nà mìíràn padà. Kò gba ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin olókùn. Ó ní òun kò mọ ohun tí òun lè sọ fún wọn, pé títí dòní, bí òun bá rántí ọwọ́ àbúrò yẹn, oorun á dá lójú òun.

Nígbà tó dé Olókùúta, kò wọlé, orí àpáta ló gbà lọ tààrà. Òjò ti ń ṣú níhà ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán ṣì ń jó orí àpáta. Ó ṣí láptọ́ọ̀pù. Gíláàsì mọ́ kedere nínú oòrùn náà. Ó jókòó, ó ń retí, ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ ti dẹ́kun pípè. Ìpè wọlé.

Ojú Ọdẹ́wùmí yọ. Ó ti rù. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wú bíi ti ẹni tó sunkún sùn. Ògiri funfun kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àga kan, tábìlì kan, abọ́ kan.

"Bàá mi," ó pè, bí ẹni tí kò retí nǹkan kan.

"Àwẹ̀ní! Èmi rèé! Mo rí ọ, ọmọ mi, mo rí ọ!"

Ọmọ náà ta gìrì. Ó sún mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, bí ẹni ń wo inú kànga. Lẹ́yìn náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó dákẹ́.

Ọdẹ́níran mọ ìdí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣì ń gbé e kọ́rùn gba inú igbó kọjá, ó sọ fún un pé ohùn tí o kò bá rí ojú rẹ̀, fi ọwọ́ bo ẹnu, kí o máa lọ. Ọmọ ọdẹ ni, kò gbàgbé. Kámẹ́rà tó ṣókùnkùn kò fi nǹkan kan hàn án. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀. Ó sọ ti kíndìnrín ẹran tí àwọn méjèèjì jọ máa ń jẹ nígbà tí ìyá bá yí ẹ̀yìn padà. Ọmọ náà ń sunkún, kò mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Ọdẹ́níran wá mọ bó ti rí láti máa bá ẹni tí o fẹ́ràn sọ̀rọ̀ kó má dá ọ lóhùn. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí i ní gbogbo ọ̀sán wọ̀nyẹn.

Ẹ̀kán òjò bẹ̀rẹ̀ sí í já lu àpáta. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tó dákẹ́ yìí gan-an ni Ọdẹ́wùmí mú ọwọ́ kúrò.

"Mi ò rí ojú," ó wí. "Bàbá mi ní irú èyí, kí n má dáhùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi nínú ilé tí mò ń gbé yìí. Bí ẹ bá jẹ́ bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí o bá sì jẹ́ iwin, wá mú mi, mi ò bínú. Ẹni yòówù kó jẹ́, kó má ṣáà dákẹ́."

Ọdẹ́níran fi ara bo ẹ̀rọ náà kí òjò má pa á. Ó ń sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ń dá a lóhùn, títí bátìrì fi kú.

Ó tán lẹ́nu mi. Ẹ dìde, ẹ gbọn ìdí yín. Ẹni tí wọ́n bá ń pè nílé, kó lọ dáhùn.